Ohun Tí Postcode Yín Lè Sọ Nípa Yín àti Ohun Tí Kò Lè Sọ

ÌBÉÈRÈ: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Ìwé ìpolówó tó ń wọ ilé wa kò ju ti owó yíyá tí èlé rẹ̀ ga, ti tẹ́tẹ́, àti ti fífi owó ránṣẹ́ sílé lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà, tí owó oṣù wa sì dọ́gba, ń gbé ní Dulwich tí kò jìnnà sí wa. Ìwé ti ilé-ìwé aládàáni, ti wáìnì àti ti ìdókòwò ni wọ́n ń jù sí ilé tirẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì ọkọ̀, mo fi àdírẹ́sì rẹ̀ dán an wò, iye tí wọ́n pè sì lọ sílẹ̀ gan-an. Ṣé wọ́n mọ̀ pé Yorùbá ni mí ni? Ta ló ta orúkọ mi fún wọn? Ṣé kò burú tí mo bá ń lo àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ mi?"

ÌDÁHÙN: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ arábìnrin yìí, nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wé mọ́ ara wọn nínú lẹ́tà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í sì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ti ìwé tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, èkejì ni ti iye owó tí wọ́n ń pè fún ènìyàn, ẹ̀kẹta sì ni ti ẹ̀yà wa, bóyá ẹnìkan jókòó síbì kan tó ń wo orúkọ wa kí ó tó pinnu ohun tí yóò fún wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bá àwọn tó ń pín àdúgbò sí ìsọ̀rí ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an ni n óò ṣe sọ ọ́, n kò ní bù mọ́ ọn láti dẹ́rù bà yín, n kò sì ní bù kúrò nínú rẹ̀ láti tù yín nínú.

Kì í ṣe nítorí ìpolówó ọjà ni wọ́n ṣe dá postcode, ìyẹn àkópọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń parí àdírẹ́sì, sílẹ̀. Kí ẹ̀rọ lè máa ṣa lẹ́tà ni. Wọ́n dán an wò ní ìlú Norwich ní 1959, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú èyí tí a ń lò lónìí láti Croydon ní 1966, ó sì kárí ilẹ̀ Britain ní 1974. Nínú postcode tiyín, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SE15, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ń tọ́ka sí Peckham àti Nunhead, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn àlàfo ń dín in kù sí ẹ̀ka tó máa ń ní nǹkan bí ilé 2,500, lẹ́tà méjì tó kẹ́yìn sì ń mú un dé ìtòsí ojúlé yín. Tí ẹ bá pín in dọ́gba, nǹkan bí àdírẹ́sì 15 ló wà nínú postcode kan tó pé. Ohun tó jẹ́ kí àwọn olùpolówó ọjà fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: ó kéré tó láti fi ìyàtọ̀ hàn láàárín òpópónà kan àti èyí tó kọjú sí i, ó sì tóbi tó tí wọ́n fi lè sọ pé ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ni àwọn ń wò. ZIP code ti Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1963, tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kan.

Kí postcode tó dé rárá ni wọ́n ti ń pín àdúgbò sí ìsọ̀rí. Láti 1889 ni Charles Booth ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé máàpù Lọ́ńdọ̀nù jáde, tí ó kun òpópónà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan nínú àwọ̀ méje. Àwọ̀ yẹ́lò wà fún àwọn olówó, dúdú sì wà fún àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpele wọn ló relẹ̀ jù, pé oníwà ìbàjẹ́ ni wọ́n, àti pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n di ọ̀daràn. Ní àwọn ọdún 1970, Richard Webber fi àkọsílẹ̀ ìkànìyàn ṣèwádìí lórí Liverpool, láti mọ àdúgbò tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù àti irú ìṣẹ́ tí ó jẹ́, kí ìjọba lè mọ irú ìrànlọ́wọ́ tó yẹ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọgbọ́n yìí lọ sí ilé-iṣẹ́ CACI, ibẹ̀ ni ètò tí wọ́n ń pè ní Acorn ti jáde. Nígbà tó yá, ó tún ṣe Mosaic, tó wà lọ́wọ́ Experian, ilé-iṣẹ́ tó ń pa àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn mọ́, báyìí. Ní Amẹ́ríkà, Jonathan Robbin, onímọ̀ nípa àwùjọ, dá ilé-iṣẹ́ Claritas sílẹ̀, ó sì pín àwọn ZIP code sí ìsọ̀rí 40 nínú ètò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PRIZM. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rántí ìlà yìí. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi wá aláìní kiri kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́ náà ni àwọn oníṣòwò wá ń lò láti mọ ilé tí wọn kò ní kàn.

Ìkànìyàn ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, ó sì yẹ kí ẹ mọ bí ó ṣe ń lọ. Ìjọba kì í tú ìdáhùn ẹnikẹ́ni síta. Àròpọ̀ ti àdúgbò kéékèèké ni wọ́n ń gbé jáde, èyí tó kéré jù lọ nínú wọn ní England àti Wales kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ilé 40 àti ènìyàn 100. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè mọ iye àgbàlagbà tó wà níbẹ̀, iye ilé tó jẹ́ ti kánsù, iye àwọn tó ni ọkọ̀, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ibi tí wọ́n kàwé dé, àti ẹ̀yà tí wọ́n sọ pé àwọn jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ yóò wá fi ohun mìíràn kún un: iye tí wọ́n ta ilé, apá ìwé orúkọ olùdìbò tí òfin gbà kí wọ́n tà, àti ìdáhùn tí àwọn oníbàárà fúnra wọn kọ sínú fọ́ọ̀mù. Kọ̀ǹpútà yóò kó àwọn àdúgbò tó jọra jọ sójú kan. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń pinnu iye ìsọ̀rí tó yẹ kó wà, ènìyàn ni. Ènìyàn náà ló ń yan ohun tí wọn yóò kà àti bí ohun kọ̀ọ̀kan yóò ṣe wúwo tó. Kò sí òfin ìṣirò kankan tó sọ pé irú ìdílé 66 ló wà ní Britain, bí Mosaic ṣe kà á nígbà kan, tí kì í ṣe 30 tàbí 100.

Nígbà tí ìṣirò bá parí, ẹnìkan yóò jókòó ti nọ́ńbà wọ̀nyẹn, yóò sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lórúkọ àti ìtàn. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Nínú PRIZM àtijọ́, wọ́n pe àdúgbò àwọn ọlọ́lá ní Blue Blood Estates, wọ́n sì pe ti àwọn ará oko kan ní Shotguns & Pickups, bí ẹni pé ìbọn àti ọkọ̀ akẹ́rù ni gbogbo ohun tí ìgbésí ayé wọn jẹ́. Acorn àtijọ́ ní Affluent Achievers (àwọn ọlọ́rọ̀ tó ti ṣe àṣeyọrí) ní òkè, ó ní Urban Adversity (ìnira inú ìlú) ní ìsàlẹ̀. Mosaic náà ti ní ìsọ̀rí kan rí tó ń jẹ́ Crowded Kaleidoscope, tí ó wà fún àwọn ìdílé onírúurú ẹ̀yà tó há mọ́ ilé kékeré tí wọ́n gbà. Nọ́ńbà lè sọ pé yàrá kò tó àwọn ènìyàn. Ẹni tó ń ta ọjà ló fi ìtàn bò ó, nítorí ìtàn rọrùn láti tà fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ju àtẹ nọ́ńbà lọ. Àwọn tó ń gbé inú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní fún ara wọn lórúkọ yẹn láéláé, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n.

Nítorí náà, arábìnrin, ohun tó wà nínú ìwé wọn kì í ṣe ẹ̀yin, òpópónà yín ni. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti mọ ewu tó wà nínú èyí tipẹ́. Ní 1950, William Robinson lo ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1930. Nígbà tó wo ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lódindi, ó rí i pé ìpínlẹ̀ tí àwọn tí wọ́n bí sí òkè òkun pọ̀ sí ni àwọn tó mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti máa ń pọ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò rò pé àwọn àlejò mọ̀wé ju ọmọ onílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, òdìkejì ló bá, nítorí ìpínlẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti mọ̀wé ni àwọn àlejò ń lọ tẹ̀dó sí. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa àdúgbò lè jẹ́ irọ́ pátápátá nípa ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹ wo Peckham tiyín náà. Ní SE15 kan náà ni àwọn ilé ayé Ọbabìnrin Victoria tó wà ní agbègbè Bellenden Road wà, tí iye wọn ti kọjá agbára nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ náà ni ilé kánsù wà, ibẹ̀ náà sì ni Rye Lane wà, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń ra èlùbọ́ àti ẹ̀fọ́. Nínú ilé gíga kan ṣoṣo, ẹ lè rí nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, orúkọ ìsọ̀rí kan náà ni wọn yóò sì fún gbogbo wọn. Ẹ tún fi í kún un pé ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 2021 ni wọ́n ṣe ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní England àti Wales, lásìkò àrùn kòrónà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sí níbi tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ wá rò pé iṣẹ́ náà kò já mọ́ nǹkan kan. Ó máa ń bá a mu ju kí ènìyàn kàn máa méfò lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sanwó fún un. Tí ilé ìtajà bá fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ilé, tí ìsọ̀rí sì jẹ́ kí àwọn tó dáhùn pọ̀ sí i díẹ̀, èrè ni fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ọ̀pọ̀lọpọ̀ mú. Ẹni tó ń tà kò nílò kí ó mọ̀ yín. Ohun tó nílò ni pé kí àṣìṣe rẹ̀ má pọ̀ ju ti ẹni tí wọ́n jọ ń díje lọ.

Ní ti ìwé tó ń wọ ilé yín, ẹ yẹ ara rẹ̀ wò kí ẹ tó bínú. Tí kò bá sí orúkọ tàbí àdírẹ́sì kankan lára rẹ̀, gbogbo ẹ̀ka postcode yín ni wọ́n sábà máa ń pín in fún, nǹkan bí ilé 2,500 lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ẹni tó ta orúkọ yín fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá kọ "Olùgbé ilé yìí" sí i pẹ̀lú àdírẹ́sì, postcode yín tàbí ilé yín ni wọ́n yàn, orúkọ yín kò sí níbẹ̀. Èyí tó bá gbé orúkọ yín pàtó ló ní ìtàn mìíràn: ẹnìkan ní àkọsílẹ̀ yín, bóyá láti inú ìwé orúkọ olùdìbò, bóyá láti ọ̀dọ̀ ilé ìtajà tí ẹ fún ní àdírẹ́sì, bóyá nítorí ẹ kò fagi lé àpótí kékeré kan ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù. Ẹ fi irú kẹta yìí pamọ́, nítorí òun nìkan ni ẹ lè tọpasẹ̀ rẹ̀.

Ṣé wọ́n wá mọ̀ pé Yorùbá ni yín? Postcode kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ ní àdúgbò náà, nítorí ìkànìyàn béèrè ẹ̀yà. Nínú ìsọ̀rí kan tí ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti inú ìkànìyàn 2011, ọ̀kan nínú ìsọ̀rí ńlá mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Ethnicity Central, àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà mìíràn wà tó ń wo orúkọ àti orúkọ ìdílé láti méfò ibi tí ènìyàn ti wá, Richard Webber tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló sì dá ọ̀kan lára wọn sílẹ̀. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé, Olú tàbí Ọlá kò lè fara pamọ́ fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìwé fífi owó ránṣẹ́ sílé tí orúkọ yín wà lára rẹ̀ lè ti ipa orúkọ wá. Èyí tí kò ní orúkọ, àdúgbò ló gbé e wá. Nínú méjèèjì, kò sí ẹnì kan tó jókòó tó ń rò nípa yín, bẹ́ẹ̀ èmi kò rò pé èyí mú ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ iye owó ló wúwo jù. Ìwé ìpolówó tí kò bá yín mu, ẹ ó jù ú nù. Iye tí wọ́n pè fún yín, ẹ ó san án. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò sọ pé olè ọkọ̀, ìjàǹbá àti iye ẹ̀sùn tí wọ́n ti sanwó lé lórí ní àdúgbò náà ni àwọn ń wò, òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí ewu kò dọ́gba níbi gbogbo. Síbẹ̀, ní 2022, àjọ Citizens Advice, tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, ṣe ìwádìí kan, wọ́n rí i pé ní àwọn postcode tí àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun ti lé ní ìdajì, iye tí wọ́n ń pè ga ju ti ibòmíràn lọ ní £280, ó kéré tán, lọ́dún, àti pé ìwà ọ̀daràn, ìjàǹbá ọkọ̀ àti pípọ̀ èrò kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àwọn kì í lo ẹ̀yà láti pinnu iye owó. Mo gbà wọ́n gbọ́ pé kò sí àpótí "ẹ̀yà" nínú ìṣirò wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ibi tí ènìyàn ń gbé àti àwọ̀ ara rẹ̀ ti so pọ̀ tipẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá lo ọ̀kan ti lo èkejì, kódà bí kò fẹ́.

Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere jù. Ní àwọn ọdún 1930, àjọ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní HOLC ya máàpù àwọn ìlú ńlá, ó sì kun àdúgbò tí ó sọ pé ewu wà nínú yíyá owó síbẹ̀ ní pupa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò kùn bẹ́ẹ̀. Òfin fòfin de ìyàsọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé ní 1968, ṣùgbọ́n òpópónà kò yí ipò padà. Ní 2016, àwọn oníròyìn Bloomberg fi hàn pé nígbà tí Amazon ń gbé ọjà dé ilé lọ́jọ́ kan náà ní Boston, ó yọ Roxbury, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé e dé àwọn àdúgbò tó yí i ká. Amazon ní ibi tí àwọn oníbàárà òun pọ̀ sí àti bí ó ṣe jìnnà sí ilé ìkẹ́rù ni òun wò. Ó sì fi Roxbury kún un lẹ́yìn tí ariwo pọ̀. Ní 2019, Facebook gbà nínú ìparí ẹjọ́ pé ẹni tó ń polówó ilé, iṣẹ́ tàbí owó yíyá kò ní lè fi ZIP code yan ẹni tí yóò rí ìpolówó rẹ̀ mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ó hàn síta ní 2018 pé àwọn ọlọ́pàá Durham ti lo Mosaic nínú ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá wọn díwọ̀n bóyá ẹni tí wọ́n mú lè tún dá ẹ̀ṣẹ̀. Ìsọ̀rí tí wọ́n ṣe láti ta ọjà ni wọ́n gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń pinnu òmìnira ènìyàn. Mo kórìíra èyí tọkàntọkàn.

Ní ti lílo àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ibi tí ọkọ̀ ń sùn lálẹ́ ni wọ́n béèrè. Lábẹ́ òfin ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ṣe ní 2012, tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fún wọn ní ìdáhùn tí kì í ṣe òótọ́, wọ́n lè sọ ìwé náà di asán, wọ́n lè kọ̀ láti san ohunkóhun fún yín, wọ́n sì lè má dá owó tí ẹ ti san padà. Tí wọ́n bá ti fagi lé ìnṣọ́ránsì yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó máa sọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ iwájú, iye tí wọn yóò pè yóò sì ga ju èyí tí ẹ ń sá fún lọ. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ti tẹ́lẹ̀ tó parí, nítorí bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń díwọ̀n postcode yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ náà sì máa ń tóbi. Ẹ sọ iye máìlì tí ẹ ń wà lódodo. Nọ́ọ̀sì tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ sábà máa ń kọ iye tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Láti oṣù Kíní 2022, wọn kò gbọ́dọ̀ pe iye tó ga fún oníbàárà àtijọ́ ju èyí tí wọn ì bá pè fún ẹni tuntun tí ọ̀ràn rẹ̀ rí bákan náà.

Ìbẹ̀rù kan tún wà tí mo fẹ́ mú kúrò, bí ẹ kò tilẹ̀ béèrè. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa gbàgbọ́ pé ilé kan lè wà nínú "ìwé dúdú", pé gbèsè ẹni tó gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò ba orúkọ tiwọn jẹ́ ní báńkì. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Britain. Àkọsílẹ̀ gbèsè ń tẹ̀lé ènìyàn, ẹni tí ẹ bá sì jọ ní àkáǹtì tàbí gbèsè ajùmọ̀ni nìkan ni tirẹ̀ lè kan tiyín.

Ní ti ìwé ìpolówó, òfin wà lẹ́yìn yín. Ẹ kọ̀wé sí kánsù yín kí wọ́n yọ orúkọ yín kúrò nínú ìwé olùdìbò tí wọ́n lè tà. Kò ní dí ìdìbò yín lọ́wọ́. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní orúkọ yín, ẹ sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ lo orúkọ yín fún ìpolówó mọ́. Kò lè bá yín jiyàn lórí èyí. Ẹ tún lè béèrè lọ́wọ́ Experian àti CACI pé kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ nípa yín hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ní oṣù kan láti dáhùn. N kò ní ṣèlérí pé èyí yóò yanjú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àjọ ìjọba tó ń rí sí àṣírí dátà pàṣẹ ní 2020 pé kí Experian yí bí ó ṣe ń lo dátà ènìyàn fún ìpolówó padà, ilé-ẹjọ́ kò fara mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 2023, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí àjọ náà pè sì já sí pàbó ní 2024. Bákan náà, òfin ìdọ́gba ti 2010 fòfin de ìlànà tó bá ni ẹ̀yà kan lára ju òmíràn lọ láìnídìí tó tọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo kì í sábà ní nọ́ńbà tí yóò fi jẹ́rìí, nítorí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ni ìṣirò náà wà.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, Experian ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ fi postcode yín tó pé àti èyí tí ẹ ti gbé rí sí i. Nígbà tí èsì bá dé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ìsọ̀rí sí, ẹ sì wo àwọn ohun tí wọ́n sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́ nípa yín: iye tó ń wọlé fún yín, iye ọmọ, ẹni tó ni ilé. Èyí tí kò bá tọ́ níbẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n lè sọ pé ìmefò lásán ni, pé kì í ṣe ohun tí àwọn sọ pé ó dájú. Ẹ kọ ọ́ padà sí wọn pé ẹ kò fẹ́ ìmefò náà lórí orúkọ yín.